Bí A Ṣe Lè Kọ Ogún Abúlé Ẹni Sílẹ̀ Kí Ó sì Ṣe Abúlé Láǹfààní: Ohun tí A Rí Kọ́ Lára Àwọn Abúlé Elédè Húngárì

Nínú ọ̀pọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ abúlé tí à ń ṣe ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde: kí a kọ ìtàn abúlé wa sílẹ̀ kí àwọn àgbà tó kù tó lọ tán. Wọn a yan ìgbìmọ̀, wọn a dá owó, ọdún kan tàbí méjì a kọjá, ìwé pẹlẹbẹ kan a sì jáde tí ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ àwòrán alága, akápò àti àwọn olówó tí ó ṣe onígbọ̀wọ́, tí ìtàn abúlé fúnra rẹ̀ kò sì ju ojú ìwé mẹ́ta lọ. Mo ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì lè yọ ara mi kúrò nínú ẹ̀bi rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ṣe lè ṣe iṣẹ́ náà kí ó kún, kí ẹni tí ó ń gbé abúlé náà lónìí sì rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí n ó máa tọ́ka sí jìnnà sí Iléṣà. Àbúrò mi kan tí ó kàwé ìṣègùn ní Debrecen, ní orílẹ̀-èdè Húngárì, ni ó kọ́kọ́ fi àwòrán àwọn abúlé ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń kà nípa wọn. Èdè Húngárì kò bá èdè Jámánì, ti Slofákíà tàbí ti Románíà tí ó yí i ká tan. Èdè Finland àti ti Estonia ni wọ́n jọ jẹ́ ẹbí, ẹbí tí ó sì jìnnà ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Trianon ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1920 gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ Ìjọba Húngárì fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn ará abúlé kò kó lọ síbì kankan. Ààlà ni ó rìn kọjá lórí wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rìn kọjá lórí àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ tí wọ́n bá ara wọn lábẹ́ Faransé. Ìdí nìyí tí abúlé elédè Húngárì fi wà ní Románíà, Slofákíà, Sérbíà àti Ukraine títí di òní. Ní Románíà nìkan, ìkànìyàn 2021 rí nǹkan bí mílíọ̀nù kan nínú wọn. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kò ní ibòmíràn tí wọn yóò ti gbọ́ èdè wọn bí abúlé bá tú, nítorí náà wọn kò fi kíkọ ogún abúlé sílẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ dilẹ̀.

Ẹni tí a ó kọ́kọ́ lọ bá

Ọmọ abúlé tí ó ń gbé Èkó tàbí Iléṣà ni ó sábà máa ń ní owó àti ohùn nínú ìpàdé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sùn ní abúlé, tí ó ń pọn omi níbẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ ń jò níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni abúlé wà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀dọ̀ Lọ́jà, ìyẹn olórí abúlé, ni ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ń lọ. Kí a má fi fóònù sọ ọ́. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí àgbà kan wà nínú wọn, kí wọ́n gbé obì àti ohun mímu dání, kí wọ́n sì ṣàlàyé ohun mẹ́ta fún Lọ́jà àti àwọn ìjòyè rẹ̀: ohun tí a fẹ́ kọ, ẹni tí yóò ni ìwé náà, àti ohun tí abúlé yóò rí gbà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹta yẹn ni àwa ará ìlú máa ń fò, òun sì ni àwọn ará abúlé ń retí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Hollókő ni ó jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí. Hollókő jẹ́ abúlé kékeré kan ní ẹkùn Nógrád, ní àríwá ìlà-oòrùn Budapest tí ó jẹ́ olú-ìlú Húngárì. Àwọn ẹ̀yà Húngárì tí wọ́n ń pè ní Palóc ni ó ń gbé ibẹ̀. Ní 1909 iná ńlá jó abúlé náà. Nígbà tí wọ́n ń tún un kọ́, wọn kò sọ àṣà àtijọ́ nù, wọn kò sì tún àṣìṣe àtijọ́ ṣe: wọ́n fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n fi amọ̀ sísun pẹlẹbẹ bo orí ilé dípò koríko tí iná tètè ń mú, ṣùgbọ́n ìrísí ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi àti bí ilé ṣe tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n jẹ́ kí ó wà bí ó ti wà. Ní 1987 UNESCO, àjọ àgbáyé tí ó ń mójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ abúlé náà sínú ìwé ogún gbogbo ayé. Àlejò ń wọ́ lọ síbẹ̀, pàápàá ní àsìkò Àjíǹde, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin a máa gbé garawa omi lé àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ kiri ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ náà ti di mùsíọ́ọ̀mù, ilé ìtajà iṣẹ́ ọwọ́ àti ilé àlejò, apá tuntun abúlé sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀ ń gbé. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nípa èyí, nítorí owó àlejò dára. Síbẹ̀, lójú tèmi, ilé tí a tún ṣe tán tí kò sí ẹni tí ó ń dáná nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ilé òkú. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ máa bi ara rẹ̀ ní gbogbo ìpele iṣẹ́ yìí ni pé: ṣé ohun tí à ń ṣe yìí yóò jẹ́ kí ẹni tí ó wà níbẹ̀ dúró?

Rírìn láti ilé dé ilé

Láàárín 1868 sí 1873, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Orbán Balázs tẹ ìdìpọ̀ mẹ́fà jáde lórí ilẹ̀ àwọn Székely, ìyẹn àwọn elédè Húngárì tí ó wà ní apá ìlà-oòrùn Transylvania, ẹkùn kan tí ó wà ní Románíà lónìí. Orbán ni orúkọ ẹbí rẹ̀, nítorí àṣà wọn ni láti fi orúkọ ẹbí ṣáájú. Ọ̀nà tí ó gbà kò lọ́jú pọ̀: ó wọ abúlé kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń bèèrè, ó ń kọ, ó sì ń ya àwòrán ní àsìkò tí kámẹ́rà ṣì jẹ́ ẹrù tí ènìyàn ń rù.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni kí àwa náà rìn. Kí a má bẹ̀rẹ̀ ìwé láti orí Odùduwà. Gbogbo abúlé ni ó ti ọ̀dọ̀ Odùduwà wá, àwọn ìwé mìíràn sì ti sọ ọ́ ní àsọtúnsọ. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà abúlé, níbi tí ọkadà ti ń já èrò sílẹ̀, kí a sì máa rìn lọ. Fún ilé kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé kan: ẹni tí ó kọ́ ọ, ọdún tí ó kọ́ ọ, ohun tí ó fi mọ ògiri (amọ̀, bíríkì tàbí búlọ́ọ̀kù), ohun tí ó fi bo orí rẹ̀, iye yàrá, ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ báyìí, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ilé bá ṣófo. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ, torí pé ilé tí a kò mọ ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wó. Kí a ya àwòrán ilé láti ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a sì fi téèpù wọn fífẹ̀ àti gígùn rẹ̀. Lẹ́yìn ilé, kí a kọ odò, kànga, igi ńlá, ojúbọ, itẹ́ òkú, ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó, àti ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ ti ń parẹ́ lórí rẹ̀.

Ní abúlé tiwa, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí ọkùnrin kan fi owó òṣómàáló kọ́. Fún ẹni tí kò mọ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tí ó ń tajà àwìn kiri ìlú ni à ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá dé ilé onígbèsè, òṣó ni wọ́n ń ló títí owó yóò fi jáde. Lókè fèrèsé àárín ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ ọdún ìkọ́lé sí. Ìdọ̀tí ti dí ẹnu nọ́ńbà kẹta débi pé 1988 ni a kà á sí, a sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Bàbá kan tí ó ń kọjá lọ ni ó bi wá pé ta ni ó kọ́ ilé alámọ̀ ní 1988. A wá àkàbà, ọmọkùnrin kan fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ojú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 1938 ni ó jáde. Lábẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà méjì kéékèèké wà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí láti ìsàlẹ̀: àmì orúkọ bíríkìlà. Bàbá yẹn mọ ẹni náà, ó sì mú wa lọ síwájú ilé méjì mìíràn tí ọwọ́ kan náà kọ́. Gbogbo èyí jáde nítorí garawa omi kan.

Àwọn Székely kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìdọ̀tí. Ẹnubodè onígi gíga tí wọ́n máa ń gbé sí iwájú ilé ní òrùlé tirẹ̀, tí ẹyẹlé sì ń gbé inú rẹ̀; ara igi náà ni wọ́n ń gbẹ́ òdòdó sí, àti ọdún, àti orúkọ ọkọ àti aya tí ó gbé e ró. Ọ̀rọ̀ kan tí ó wọ́pọ̀ lára rẹ̀ ń fẹ́ àlàáfíà fún ẹni tí ń wọlé, ó sì ń súre fún ẹni tí ń jáde lọ. Bí ẹ bá tún ilé kan ṣe ní abúlé yín, ẹ kọ ọdún àtúnṣe sí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi sìmẹ́ǹtì tuntun bo ọdún àtijọ́ mọ́lẹ̀.

Gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀

Apá yìí ni ó gba sùúrù jùlọ. Ní 1904, Béla Bartók, olórin Húngárì tí orúkọ rẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ tàn nígbà náà, gbọ́ tí ọmọ-ọ̀dọ̀ kan láti abúlé Kibéd ní Transylvania ń kọrin bí ó ti ń tọ́jú ọmọ. Orin náà kò jọ èyí tí ó mọ̀ ní ìlú. Láìpẹ́, òun àti Zoltán Kodály, olórin Húngárì bíi tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri abúlé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sára ìda, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní 1907, Bartók wà ní ilẹ̀ Székely, ó sì kọ lẹ́tà apanilẹ́rìn-ín kan láti ibẹ̀ nípa bí òun ṣe bẹ obìnrin abúlé kan títí pé kí ó kọ orin àtijọ́ fún òun. Obìnrin náà ń fún un ní orin ìjọ, ó ń fún un ní orin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èyí tí ó ń wá gan-an ni kò jáde.

Ẹni tí ó bá ti béèrè orin àtijọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rí yóò mọ bí ó ṣe rí. Ìyá yóò na ọwọ́ sókè, yóò gbé orin ìyìn tí wọ́n kọ ní ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tàn ọ́. Lójú tirẹ̀, àlejò tí ó gbé fóònù dání yẹ fún orin tí ó mọ́. Nítorí náà, ẹ má sọ pé "Ìyá, ẹ kọ orin àtijọ́ fún wa." Ẹ béèrè iṣẹ́. "Ìyá, nígbà tí ẹ bá jókòó yí kòkó ká tí ẹ ń fọ́ ọ, kí ni ẹ máa ń kọ?" "Bí ọmọ kò bá fẹ́ sùn, báwo ni ìyá yín ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?" Orin náà yóò tẹ̀lé iṣẹ́ jáde. Bákan náà ni àdàmọ̀, ewì alohùn àwọn Ìjẹ̀ṣà: ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, títí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan yóò fi sùn ún díẹ̀ tí yóò sì ṣì í sùn, ìgbà náà ni ẹni àkọ́kọ́ yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti tún un ṣe. Kí a máa pe àgbà méjì jókòó pọ̀, ó dára ju ọ̀kan lọ.

Bí wọ́n bá ki oríkì, ẹ má kàn kọ ọ́ kí ẹ sì kọjá. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ẹ béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń mú iná náà roko: kí ni wọ́n fi ń gbé e, igi wo ni kì í tètè kú, ta ni ó máa ń rìn ṣáájú? Ìdáhùn sí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìwé púpọ̀ kò ní.

Nípa ẹ̀rọ, ohun tí mo mọ̀, ìyà ni ó kọ́ mi. Mo gba ohùn bàbá kan tí ó ti lé ní 80 ọdún sílẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí méjì, ohùn rẹ̀ sì dúró sínú fóònù mi nìkan fún oṣù kan gbáko, títí fóònù náà fi bọ́ sínú omi. Kí n tó tún ọ̀nà abúlé tọ̀, bàbá ti lọ. Láti ọjọ́ náà, òfin mi ni pé ohùn tí a gbà ní ọ̀sán gbọ́dọ̀ wà ní ibi mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́: lórí fóònù, lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ẹlòmíràn, àti lórí mẹ́mọ́rì kékeré kan tí a ó fi sílẹ̀ fún ẹbí àgbà náà. Ìgbà mìíràn, jẹnẹrétọ̀ ẹlẹ́rọ ata ni ó gba gbogbo ohùn mọ́ mi lọ́wọ́. Nítorí náà, kí a lọ ní kùtùkùtù, kí a jìnnà sí ojú ọ̀nà, kí a gbé fóònù lé aṣọ tí a ká, kì í ṣe lórí tábìlì pákó tí ń dún, kí a sì pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má baà dá ọ̀rọ̀ dúró. Kí a kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọjọ́, ibi àti orúkọ ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti gbà pé kí a lò ó. Bí àgbà bá sọ pé kí a má gba apá kan, kí a pa á. Kí a má ṣe dọ́gbọ́n.

Ohùn tí a gbà kò gbọdọ̀ parí sí inú àpótí. Ní 1972, àwọn ọ̀dọ́ ní Budapest bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní táncház, ìyẹn ilé ijó. Abúlé Szék ní Transylvania ni wọ́n ti rí àwòṣe rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n sì ti lọ kọ́ ijó àti orin náà. Ní 2011 UNESCO fi ọ̀nà tí wọ́n gbà yìí sínú àwọn ètò tí ó dára jùlọ fún títọ́jú àṣà. Bí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá wà ní abúlé yín, kí a bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí ìyá kan máa wá kọ́ àwọn ọmọ ní orin kan lọ́sẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì máa fún ìyá náà ní owó ọkọ̀ àti owó ọṣẹ. Ó ń ṣiṣẹ́, kí a má ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Ọ̀rọ̀ àmì àti ẹ̀ka-èdè

Ẹni tí ó bá rò pé àmì orí ọ̀rọ̀ jẹ́ ẹrù àwa Yorùbá nìkan, kí ó wo èdè Húngárì: *kor* ni ọjọ́ orí, *kór* ni àìsàn. Àmì yẹn nìkan ni ó ya èkíní sọ́tọ̀ sí èkejì. Bí àwa bá kọ orúkọ odò, àdúgbò àti ènìyàn láìsí àmì, ọmọ tí a bí sí Èkó yóò pè é ní ìpèkúpè, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò sì sọnù pẹ̀lú ìpè. Kí a kọ ọ̀rọ̀ àgbà ní Ìjẹ̀ṣà tí ó fi sọ ọ́, kí a má fi ọwọ́ ara wa yí i sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Bí ó bá le fún òǹkàwé, kí a fi àlàyé sí ìsàlẹ̀. Ní Románíà, òfin kan tí ó jáde ní 2001 fàyè gba kí pátákó abúlé ní èdè méjì níbi tí àwọn tí ó kéré níye bá ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìjàkadì púpọ̀ ni wọ́n sì ti bá ọ̀rọ̀ pátákó náà jà. Kò sí òfin tí ó dí wa lọ́wọ́ ní tiwa, síbẹ̀ wọ́n ń kọ orúkọ abúlé sí pátákó wa láìsí àmì kan ṣoṣo. Kí ẹgbẹ́ tún pátákó ẹnu ọ̀nà kọ dáradára. Owó ọ̀dà díẹ̀ ni.

Láti inú ìwé sí ìgbé ayé

Iṣẹ́ tí a ti ṣe dé ibí ni yóò sọ ohun tí a lè ṣe fún wa. Bí a bá ní ojú ìwé ọgọ́ta fún ilé ọgọ́ta, a ó mọ ilé mélòó ni òrùlé rẹ̀ ń jò tí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì lágbára. Ibi tí Torockó ti ṣe wá láǹfààní nìyí. Abúlé elédè Húngárì ni, ní Transylvania. Rimetea ni àwọn ará Románíà ń pè é. Òkè ńlá kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ débi pé wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni oòrùn ń là níbẹ̀. Iṣẹ́ irin ni wọ́n ń ṣe nígbà àtijọ́. Nígbà tí irin olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú irin dé, iṣẹ́ náà kú, kò sì sí owó láti wó ilé àtijọ́ kí a fi tuntun rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ ni àìrówó ṣe tọ́jú ilé. Ní 1996, ìjọba ìbílẹ̀ agbègbè Karùn-ún ní Budapest bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ lọ́dọọdún, àjọ kan tí ó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ní Transylvania sì ń pín in fún àwọn onílé tí wọ́n bá fara mọ́ àdéhùn pé àwọn kò ní pa ojú ilé, fèrèsé àti òrùlé rẹ̀ dà láìgba ìmọ̀ràn. Ní 1999 iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn Europa Nostra, tí wọ́n ń fún àwọn tí ó tọ́jú ogún àtijọ́ ní Yúróòpù. Ẹni tí ó ń gbé ilé ni owó náà ń lọ bá. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ti Hollókő lọ.

Ẹgbẹ́ abúlé lè ṣe é ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Kí a mú ilé méjì lọ́dún, kí a má ṣe kó mẹ́wàá pọ̀. Kí a má fún onílé ní owó lọ́wọ́; kí a ra páànù, pákó àti ìṣó, kí a sì kọ àdéhùn ojú ìwé kan tí onílé, ẹbí rẹ̀ àti Lọ́jà yóò fọwọ́ sí. Bí ògiri bá jẹ́ amọ̀, kí a wá bíríkìlà tí ó mọ amọ̀, nítorí pé sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ amọ̀ kì í pẹ́ ṣí kúrò, omi á sì há sẹ́yìn rẹ̀, yóò máa jẹ ògiri náà lábẹ́lẹ̀. Fún ọjọ́ iṣẹ́, kí a pe ọ̀wẹ̀. Àwọn Székely ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kaláka: aládùúgbò ń wá kọ́ ilé tàbí kórè láìgba owó, ẹni tí ó pè wọ́n ni ó ń bọ́ wọn. Ọ̀wẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, kì í ṣe àáró, nítorí àáró ni ó ń yí lọ́wọ́lọ́wọ́ láti oko ẹnìkan sí ti ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, kí oúnjẹ ọ̀wẹ̀ pọ̀. Mo ti rí ọ̀wẹ̀ tí ó tú ní agogo méjì ọ̀sán nítorí iyán kò tó.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó tẹ̀lé e. Ní Korond, abúlé Székely kan, àwọn amọ̀kòkò ń pàtẹ ìkòkò àti àwo aláràbarà sí ẹ̀gbẹ́ títì ńlá tí ó gba àárín abúlé kọjá, àwọn mìíràn níbẹ̀ sì ń fi olú kan tí ń hù lára igi ṣe fìlà. Àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù, tí kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀, ní ọwọ́ tí kò rẹlẹ̀ sí tiwọn. Bí abúlé yín bá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni láti bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ ọ́ kí àtíbàbà kan wà létí títì, kí orúkọ abúlé sì wà lára ọjà.

Nípa ilẹ̀ àti igbó, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìjà tó dé. Àwọn abúlé Székely ní igbó àti pápá ìjẹko tí ó jẹ́ ti gbogbo wọn, tí olúkúlùkù ẹbí ní ìpín nínú rẹ̀. Ìjọba Kọ́múníìsì gbà á ní 1948. Lẹ́yìn òfin ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà, ìwé ìpín àtijọ́ sì ni ẹ̀rí. Bákan náà, ní 1988, Ceaușescu, olórí Románíà nígbà náà, gbé ètò kan jáde láti pa nǹkan bí ìdajì nínú àwọn abúlé Románíà tí ó tó 13,000 rẹ́, ìjọba rẹ̀ sì wó ní oṣù Kejìlá 1989 kí ètò náà tó lọ jìnnà. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwakùsà góòlù ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìperíndó ní 2021, àwọn tí ń wa góòlù sì ti pẹ́ ní agbègbè Ìtagúnmodì. Bí ẹnìkan bá dé tí ó sọ pé ilẹ̀ náà kò ní ẹni tí ó ni ín, àwòrán itẹ́ òkú, igi kòkó àti ilé tí ọjọ́ wà lára rẹ̀ yóò sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ níwájú agbẹjọ́rò.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa àwọn arúgbó. Láti 1990 ni Húngárì ti ní ètò olùtọ́jú abúlé fún àwọn abúlé kéékèèké: ẹnìkan tí ó ní bọ́ọ̀sì kékeré, tí ń gbé arúgbó lọ sọ́dọ̀ dókítà, tí ń gbé ọmọ lọ síléèwé, tí ń ra oògùn bọ̀. Wọ́n ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Gyűrűfű, abúlé kan ní gúúsù tí gbogbo èèyàn kó jáde kúrò nínú rẹ̀ títí ó fi ṣófo, kí àwọn àjèjì tó wá tún un tẹ̀dó ní àwọn ọdún 1990. Ọkọ̀ akérò kan tí ẹgbẹ́ bá lè san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti abúlé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà àti sí ọjà Àtàkúmọ̀sà lè dá arúgbó púpọ̀ dúró sí abúlé ju gbọ̀ngàn ìlú tí à ń kọ́ fún ogún ọdún lọ.

Kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde

Kí àwòrán alága jẹ́ ọ̀kan, kí ó sì wà lẹ́yìn ìwé. Kí a fi ẹ̀dà kan sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀kan sí ààfin Ọwá ní Iléṣà, méjì sí ọ̀dọ̀ Lọ́jà. Ṣùgbọ́n kí ìtẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kí a ka gbogbo rẹ̀ sókè ní gbangba abúlé, ní ọjọ́ tí kò sí oko, kí ẹnìkan jókòó pẹ̀lú bírò pupa.

A ka tiwa ní ọjọ́ Sátidé kan láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bí a ti dé ojú ìwé ilé kẹrìnlá, ìyá kan dìde, ó ní orúkọ ìyá ọkọ òun tí a kà yẹn kọ́ ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí àwọn ọmọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ni. A béèrè èyí tí ó jẹ́ gan-an. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró tì wá títí a fi fi àmì sí i, ó tún ní kí a kà á padà sí òun létí, ó tó lọ jókòó.